Ajá tó ń gbọ́ fèrè ọdẹ: bí a ṣe ń kọ́ Ridgeback láti padà wá nígbà tó bá rí ẹran

Ọmọ ajá Rhodesian Ridgeback (ìran ajá ọdẹ kan láti gúúsù Áfíríkà) tó jẹ́ oṣù 4 máa ń tọ ẹni tó ni ín lẹ́yìn kiri bí òjìji. Ẹ pè é lẹ́ẹ̀kan, ó ti dé. Inú yín á dùn, ẹ ó ní ajá yìí ti gbọ́n, ó parí. Ẹ dúró kó di oṣù 9. Ó ti sún mọ́ kílò 30 nígbà náà, ehoro kan á ta jáde nínú koríko, ẹ ó pe orúkọ rẹ̀ títí ohùn yín á fi há, kò ní bojú wẹ̀yìn. Ní pápá tí mo ti máa ń mú ajá jáde ní Johannesburg níbí, ó ṣọ̀wọ́n kí Sátidé kan kọjá kí n má rí ẹni tó ń sáré kiri pẹ̀lú okùn lásán lọ́wọ́.

Àwọn àgbà wa ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Mo bá wọn jiyàn lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: ó ń gbọ́. Etí Ridgeback ò di rárá. Ó gbọ́ fèrè, ó tún rí ehoro, ó wo méjèèjì, ó yan ehoro. Ọlọ́dẹ ló ti ba fèrè rẹ̀ jẹ́ kí ọjọ́ náà tó dé. Ohun tí a fẹ́ ṣe nísàlẹ̀ yìí ni pé kí fèrè tóbi lójú ajá ju ehoro lọ, tàbí ó kéré tán kí wọ́n jọ figagbága. Ó máa ń gbà tó oṣù 6. Ẹni tó bá ní òun á parí rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kó ra ajá mìíràn.

Ohun tí ẹ ó kó jọ

Fèrè. Mi ò sọ pé súfèé ẹnu o. Bí àyà bá já, ẹnu á gbẹ, súfèé ò ní jáde. Ohùn yín náà á ti yí padà, ajá á sì mọ̀ pé inú ń bí yín. Fèrè kì í bínú. Fèrè oníke ACME tí àwọn ọlọ́dẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ajá ni èmi ń lò. Nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ ló ń sọ bí ohùn rẹ̀ ṣe rí, nítorí náà bí ọ̀kan bá sọnù, ẹ ra nọ́ńbà kan náà, ajá ò ní mọ̀ pé ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Tèmi báyìí ni 210½. Ìdí tí mo fi ní "báyìí" ń bọ̀ níwájú.

Okùn gígùn, mítà 10, pẹlẹbẹ, èyí tí kì í fa omi mu, tí wọn ò sì ta ojú sí lẹ́nu. Ojú okùn ló máa ń kọ́ kùkùté igi.

Bẹ́líìtì àyà tó ní òrùka lẹ́yìn. Okùn gígùn kò gbọdọ̀ kan bẹ́líìtì ọrùn láéláé. Ridgeback máa ń gbéra bí ọta ìbọn. Bí okùn bá tán lójijì, ọrùn ni gbogbo agbára yẹn máa já lé.

Ìbọ̀wọ́ tó nípọn fún yín.

Ẹran adìẹ bíbọ̀ tí kò ní egungun, kí ẹ gé e wẹ́wẹ́ bíi hóró ẹ̀wà. Omi lásán ni kí ẹ fi bọ̀ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, àwa tí a kì í gbé adìẹ kaná láìsí àlùbọ́sà ni mo ń bá wí: àlùbọ́sà máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Iye ẹran tó bá jẹ níbi ẹ̀kọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú oúnjẹ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ọ̀pá eré: igi tó tó mítà kan àbọ̀, okùn lẹ́nu rẹ̀, àkísà tàbí awọ ẹran lẹ́nu okùn. Ìpele kẹrin la ó lò ó, ẹ má tíì jẹ́ kí ajá rí i.

Ìwé dókítà ẹranko. Ajá ò gbọdọ̀ dé pápá kí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ tó pé. Ní Gúúsù Áfíríkà níbí, òfin ló sọ abẹ́rẹ́ dìgbòlugi di dandan.

Bí ẹ kò bá tíì ra ajá, ẹ fi ìka wọ́ awọ ẹ̀yìn rẹ̀ láti ọrùn dé ìdí ìrù kí ẹ tó sanwó. Àrùn kan wà tí wọ́n ń pè ní dermoid sinus, tí wọ́n máa ń bí mọ́ ìran yìí: ihò tóóró kan lára awọ, tó lè jìn wọlé títí dé ibi ọ̀pá ẹ̀yìn. Bí ẹ bá gbé awọ sókè díẹ̀, ẹ ó mọ̀ ọ́n lábẹ́ ìka bí fọ́nrán òwú tó le. Iṣẹ́ abẹ ló ń yọ ọ́. Ẹni tó ń tà tí kò bá fẹ́ kí ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn ajá, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Ìpele 1: Ẹ sọ fèrè di oúnjẹ (ọjọ́ 7, nínú ilé)

Ẹ dúró ti ajá. Ẹ fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kúkúrú kúkúrú, pí-pí-pí. Kó tó tó ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ẹran ti bọ́ sí i lẹ́nu. Ajá ò ní ṣe nǹkan kan fún un. Kò ní jókòó, kò ní na ọwọ́, kò tiẹ̀ ní láti wò yín. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láàárọ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lálẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ máa yí yàrá padà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: wọ́n á kọ́kọ́ na ẹran síta, kí wọ́n tó fọn fèrè. Ọwọ́ ni ajá ń wò nígbà náà, kò kọbi ara sí ohùn kankan. Ọwọ́ yín á wà lẹ́yìn, ẹnu yín á dákẹ́, ohùn fèrè ni yóò kọ́kọ́ dé.

Èkejì ni ti àwọn ọmọdé. Ọmọ wa obìnrin rí 211½ àkọ́kọ́ lórí tábìlì lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó sì fọn ún láti yàrá dé ilé ìdáná títí a fi dé. Ajá wa, Tanímọ̀la, sáré tẹ̀ lé e nígbà àkọ́kọ́, ó sáré nígbà kejì, nígbà tó yá ó lọ dùbúlẹ̀ sábẹ́ àga. Ní alẹ́, mo fọn ín. Ó la ojú kan, ó tún un pa. Ọjọ́ náà ni fèrè yẹn kú. Mo ra nọ́ńbà mìíràn, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpilẹ̀, mo sì kan ìṣó kan sókè ilẹ̀kùn fún un.

Àyẹ̀wò: ẹ jẹ́ kí ajá sùn ní yàrá kan, kí ẹ lọ sí òmíràn, kí ẹ fọn ín. Bó bá ti dé ọ̀dọ̀ yín kí ẹ tó ka ení dé àrún, ẹ kọjá sí ìpele kejì. Bó bá ń rìn bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹ fi ọjọ́ 3 kún un, kí ẹ sì wò ó bóyá ẹran yín ò dùn.

Ìpele 2: Àgbàlá (ọ̀sẹ̀ 3)

Ẹni méjì ló máa ń yá. Ẹnì kan níhìn-ín, ẹnì kan lọ́hùn-ún, kí àárín yín tó mítà 15. Ẹni tí ajá kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀ ni yóò fọn fèrè. Bó bá ti dé, ẹ di bẹ́líìtì rẹ̀ mú fẹ́rẹ́ kí ẹ tó fún un lẹ́ran, kó lè mọ̀ pé kí wọ́n di òun mú kì í ṣe ìyà.

Ẹ̀ẹ̀kan ni fèrè ń dún. Bí kò bá wá, ẹ má tún un fọn. Ẹ rìn sún mọ́ ọn títí ẹ ó fi dé ibi tí kò ti lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, kí ẹ wá fọn ín. Ẹni tó ń fọn ín lẹ́ẹ̀mẹ́fà ń kọ́ ajá pé ìkẹfà ni tòótọ́.

Ẹ má fi fèrè pe ajá wá gé èékánná, wá wẹ̀, tàbí wá wọ ilé nígbà tí eré ṣì ń dùn mọ́ ọn. Fún irú ìyẹn, ẹ fẹsẹ̀ yín rìn lọ bá a. Nínú ìpè márùn-ún, ẹ jẹ́ kó padà sídìí eré rẹ̀ lẹ́yìn mẹ́rin.

Ìkìlọ̀ tó wà lókè gbogbo ìkìlọ̀: ajá tó pẹ́ kó tó dé, ẹ ò gbọdọ̀ nà án, ẹ ò gbọdọ̀ jágbe mọ́ ọn. Mo ṣe é rí. Tanímọ̀la lé ehoro lọ fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, mo ti ń ro pé ọkọ̀ ti pa á. Ó wá dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ìrù ń jù, mo bọ́ sálúbàtà mo fi nà án lẹ́ẹ̀mejì. Lójú tèmi, mo ń bá a wí pé ó sá lọ. Lójú tirẹ̀, nítorí pé ó padà wá ni. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá pè é, yóò sáré dé ibi tó ku bí apá mẹ́ta sí mi, yóò dúró, yóò máa yí mi po, yóò máa wo ẹsẹ̀ mi bóyá bàtà wà níbẹ̀. Oṣù 4 ló gbà mí kí n tó rí i mú wẹ́rẹ́ padà. Ridgeback tóbi lójú, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ rọ̀, kì í sì í gbàgbé. Ìlànà ìran náà fúnra rẹ̀ sọ pé kó jẹ́ ajá tó níyì, tó ń takété sí àlejò, tí kò sì ní ìbínú òdì tàbí ojo. Ẹ bá a lò bí ẹni tó níyì.

Àyẹ̀wò: láàárín ọjọ́ 3, ẹ fọn ín lẹ́ẹ̀mẹ́wàá nígbà tí imú rẹ̀ wà nínú koríko. Mẹ́sàn-án gbọ́dọ̀ mú un wá láìdẹ ẹsẹ̀.

Ìpele 3: Pápá, pẹ̀lú okùn gígùn (oṣù 2)

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ fi ìwọ̀ okùn kọ́ òrùka ẹ̀yìn, kí ẹ jẹ́ kí ìyókù máa wọ́ nílẹ̀. Ẹ má wé e mọ́ ọwọ́, ẹ má tì í bọ ìka. Akọ tó bá dàgbà tán máa ń ga tó sẹ̀ǹtímítà 63 sí 69 ní èjìká, ó máa ń wọn nǹkan bíi kílò 36 àbọ̀, abo nǹkan bíi kílò 32; bí ìyẹn bá fi gbogbo ara fò síwájú, ìka tó wà nínú okùn á ṣẹ́. Ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi tẹ okùn, tàbí kí ẹ dì í mú gbọọrọ ní ọwọ́ méjèèjì.

Okùn wà fún ààbò. Ẹ má fi wọ́ ajá wá bí ẹni ń fa ẹja. Ẹ fọn fèrè, ẹ yíjú padà, ẹ rìn lọ sí òdìkejì. Ajá máa ń fẹ́ lé ohun tó bá ń lọ, ẹ̀yin náà ẹ di ohun tó ń lọ.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta nípa ìlera rẹ̀ wọ ibí yìí. Àkọ́kọ́, ẹ má mú un sáré nígbà tí ikùn rẹ̀ ṣì kún. Ẹ fún un ní wákàtí kan ó kéré tán, kí ẹ sì pín oúnjẹ òòjọ́ sí méjì. Ajá tí àyà rẹ̀ jìn bí èyí, ikùn rẹ̀ lè wú kó sì lọ́ pọ̀. Bí ẹ bá rí i pé ikùn le gbandi, tó ń gbìyànjú láti bì tí nǹkan kan ò jáde, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru. Wákàtí díẹ̀ ti tó láti pa á. Ìkejì, kó tó pé oṣù 18, eegun rẹ̀ ṣì ń dàgbà: ẹ má so ó mọ́ kẹ̀kẹ́, ẹ má fi sáré jíjìn tó fi agbára mú un dá a lára yá. Kó máa ṣeré, kó máa sinmi nígbà tó bá fẹ́. Ìkẹta, eégbọn. Bí ẹ bá délé, ẹ wo inú etí, abẹ́ apá àti àárín ìka ẹsẹ̀. Eégbọn ibí ń gbé àrùn tí wọ́n ń pè ní biliary kiri. Bí ajá kò bá jẹun, tí erìgì rẹ̀ funfun, tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bíi tíì, ẹ má dúró di ọ̀la.

Àyẹ̀wò: ní pápá mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, pẹ̀lú ajá mìíràn lókèèrè, ó ń padà wá kí okùn tó le.

Ìpele 4: Ẹran fúnra rẹ̀

Ibí ni gbogbo iṣẹ́ wà, ibí náà sì ni ọ̀pọ̀ ti ń jáwọ́ pé olórí kunkun ni ajá yìí. Ó yẹ kí ẹ mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Àwọn Khoikhoi ní gúúsù Áfíríkà ló kọ́kọ́ ní ajá tí ìlà irun ẹ̀yìn rẹ̀ dorí kọ iwájú. Àwọn àgbẹ̀ Òyìnbó tó tẹ̀dó síbẹ̀ da ajá tiwọn pọ̀ mọ́ ọn. Ní apá ìparí ọ̀rúndún 19, ọlọ́dẹ kan, Cornelius van Rooyen, ń kó wọn dọdẹ kìnnìún ní ìhà Plumtree, ní Zimbabwe òní. Ọdún 1922 ni Francis Barnes kó àwọn alájá wọn jọ ní Bulawayo, tí wọ́n kọ bó ṣe yẹ kó rí sílẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ajá yìí ń pa kìnnìún, irọ́ ló ń pa. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó wá a rí, kó máa gbó o, kó máa yẹ èékánná sílẹ̀, kó má jẹ́ kó ráyè lọ títí ọlọ́dẹ á fi gẹṣin dé pẹ̀lú ìbọn. Níbi tí ajá wà, ọlọ́dẹ kò tíì sí níbẹ̀. Èyí tó bá dúró de àṣẹ, kìnnìún á ti fà á ya. Èyí tó ń dá ìpinnu ṣe ló yè tó bímọ, ọmọ rẹ̀ ló wà nílé yín.

Nítorí náà adìẹ bíbọ̀ ò tó mọ́. Lílé ẹran gan-an ni owó tó ń gbà. Ẹ̀yin ni kí ẹ máa san án.

Ẹ wá ibi tí awó máa ń jẹ̀ sí. Ní Johannesburg, awó pọ̀ lórí pápá bí adìẹ àgbàlá. Ẹ dúró ní nǹkan bíi mítà 80, okùn lọ́wọ́, ọ̀pá eré lẹ́yìn yín. Ẹ má wo awó, ajá ni kí ẹ máa wò. Ẹ ó rí i: ẹnu tó là tó ń mí á pa dé lójijì. Etí á wá síwájú, awọ iwájú orí á hunjọ. Ẹsẹ̀ iwájú kan á gbé sókè, á dúró bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò di òkúta. Láàárín ìgbà tí ẹnu pa dé àti ìgbà tí yóò fò, ẹ ní bí ìṣẹ́jú àáyá 2. Inú ìṣẹ́jú àáyá 2 yẹn ni fèrè ń gbé.

Pí-pí-pí. Bí orí rẹ̀ bá yí, kódà bí ìdajì, ẹ sáré sẹ́yìn, ẹ ju àkísà sílẹ̀, ẹ fi ọ̀pá wọ́ ọ kó máa ta kiri bí ehoro. Ẹ jẹ́ kó lé e, kó mú un, kó gbọ̀n ọ́n, kó fà á ya. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kíákíá. Àkísà kò wọ́n. Ìgbà mẹ́ta lọ́jọ́ kan ti tó.

Ìkìlọ̀: bó bá ti gbéra, ẹ má fọn fèrè. Ó ti pẹ́ jù. Ìgbàkígbà tí fèrè bá dún lẹ́yìn ajá tó ń sáré lọ, ó ń mọ̀ sí i pé òun lè gbọ́ ọ kí òun sì máa lọ. Okùn ni kó dá a dúró, ẹ̀yin ẹ dákẹ́, kí ẹ fi mítà 20 kún ibi tí ẹ dúró sí nígbà mìíràn.

Láàárín oṣù 8 sí 18, ẹ ó rí ọ̀sẹ̀ tí gbogbo rẹ̀ á dà bíi pé ẹ ò kọ́ ọ ní nǹkan kan. Ọ̀dọ́ ló ń ṣe é. Ẹ padà sí ìpele kẹta fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ má bá a jà.

Àyẹ̀wò: ní mítà 30 sí awó, nínú ìpè mẹ́wàá láàárín ọ̀sẹ̀ 2, mẹ́jọ mú un padà láìfi okùn kàn án.

Ìpele 5: Títú okùn

Pápá tó ní ọgbà yípo ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó máa wọ́ okùn nílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2, láìdì í mú. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tú u, fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ tún so ó, kí ẹ tún tú u, kí síso má baà di àmì pé ìgbádùn ti parí. Ẹ yẹra fún ìdájí àti ìrọ̀lẹ́, ìgbà tí ehoro ń jáde. Nítòsí títì, èmi ò tú Tanímọ̀la rí, mi ò sì ní tú u. Ó ti di ọmọ ọdún 6, ó ń dáhùn fèrè dáadáa, ṣùgbọ́n mo mọ ìran tó ti wá.

Àyẹ̀wò: láìfọn fèrè, ajá fúnra rẹ̀ ń yíjú wò yín lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bó ti ń lọ. Bí kò bá wẹ̀yìn rárá fún ìṣẹ́jú 3, ẹ so ó.

Bó bá sá lọ náà ńkọ́? Ẹ má lé e, ẹ ò lè bá a. Ẹ dúró níbi tó ti gbéra, torí ibẹ̀ ni òórùn tirẹ̀ máa mú un padà sí. Bí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú, ẹ tẹ́ aṣọ tó ti gba òógùn yín síbẹ̀, ẹ gbé omi tì í, ẹ pe àwọn dókítà ẹranko àdúgbò kí wọ́n mọ̀ pé ajá tó ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ lábẹ́ awọ (microchip) ń rìn kiri. Nígbà tí ẹ bá rí i tó ń bọ̀, ahọ́n síta, ẹrẹ̀ dé etí, ẹ jókòó sílẹ̀. Ẹ fọn pí-pí-pí. Ẹ da gbogbo ẹran tó kù nínú àpò sílẹ̀ fún un, bí ọwọ́ yín tiẹ̀ ń gbọ̀n, kí ẹ sì fi sálúbàtà sílẹ̀ sí ẹsẹ̀ níbi tó wà.